Iwájú Bọ́ọ̀sì Kan Lára Òmíràn: Ta Ni Yóò Fọwọ́ Sí I?

  

Ọ̀rọ̀ kan wáyé ní ìpàdé ẹ̀ka wa tó kọjá tí ó fẹ́rẹ̀ẹ́ di ìjà. Ọ̀rọ̀ náà ni pé, bí ọ̀gá bá ní kí a gbé ara bọ́ọ̀sì ọdún kan fún bọ́ọ̀sì ọdún mìíràn, ṣé kí a ṣe é ni, àbí kí a kọ̀? Àwọn kan ní iṣẹ́ ni iṣẹ́ ń jẹ́, ohun tí wọ́n bá gbé síwájú ẹni ni kí ẹni ṣe. Àwọn mìíràn ní kí ẹnikẹ́ni nínú wa má fọwọ́ kàn án mọ́ láéláé, nítorí ohun tí ojú méjì nínú wa rí. Ìpàdé tú láìfẹnu ọ̀rọ̀ jóná. Nítorí náà ni àwa aṣojú yín ṣe jókòó, tí a sì kọ èrò wa sílẹ̀, kí gbogbo yín lè kà á kí ìpàdé mìíràn tó dé.

Kí a má fi ọ̀rọ̀ pamọ́. A kò lòdì sí pípààrọ̀ ara ọkọ̀. Ohun tí a lòdì sí ni kí ẹnì kan pàṣẹ, kí ẹlòmíràn sì jìyà rẹ̀.

ÌDÍ TÍ A FI Ń ṢE É

Kò sí ẹni tí kò mọ ìdí rẹ̀ láàrin wa. Bọ́ọ̀sì Volkswagen tí a mọ̀ sí T2, èyí tí ó ní gíláàsì iwájú kan ṣoṣo tí ó tẹ̀ kọrọdọ, bẹ̀rẹ̀ sí jáde ní Jámánì ní 1967. T3 gba ipò rẹ̀ ní 1979. T4 sì gba ipò T3 ní 1990. Ẹ wo iye ọdún tí ó ti kọjá lọ. Síbẹ̀ àwọn bọ́ọ̀sì àtijọ́ náà ṣì wà lọ́wọ́ wa. Òmíràn ń gbé òṣìṣẹ́, òmíràn ń gbé ẹrù, òmíràn ti ṣe dáńfó títí ó fi gbàgbé ọ̀dà tí wọ́n kọ́kọ́ kùn ún.

Ta ni yóò bá wa rí ilẹ̀kùn tuntun fún irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀? Ẹni tí ó bá rí i pàápàá, owó rẹ̀ ńkọ́? Nítorí náà, Ládípọ̀ ní Múṣín là ń forí lé, tàbí ẹ̀yìn wáàkìṣọ́ọ̀bù níbi tí àwọn ọkọ̀ tó ti kú dùbúlẹ̀ sí. Ohun tí a bá bá níbẹ̀ kì í sábà jẹ́ ohun tí a ń wá gan-an. Ti ọdún 1988 là ń wá, ti 1981 ló jókòó síbẹ̀. Ẹni tó lórí kò ní fìlà, ẹni tó ní fìlà kò lórí. Bí a bá rí fìlà tó fẹ́rẹ̀ẹ́ bá orí mu, a ó fà á wálẹ̀ kí ó lè wọ̀. Èyí kì í ṣe ẹ̀ṣẹ̀. Ọgbọ́n tí tálákà fi ń jẹun ni.

Àwọn tó dá ọkọ̀ náà sílẹ̀ gan-an ti ṣe irú rẹ̀ rí. Ní ilẹ̀ Bùràsíìlì, láti nǹkan bí 1976 títí di nǹkan bí 1996, Volkswagen ń ta Kóńbì kan tí iwájú rẹ̀ àti iná ẹ̀yìn rẹ̀ jẹ́ ti T2, ṣùgbọ́n tí ìhà rẹ̀, fèrèsé rẹ̀ àti ilẹ̀kùn ìhà rẹ̀ tí ń ṣí bí ilẹ̀kùn ilé, jẹ́ ti bọ́ọ̀sì àtijọ́ tó ṣáájú T2. Wọ́n kò fẹ́ sọ àwọn ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń tẹ irin ara ọkọ̀ àtijọ́ nù. Ohun tí a ń ṣe ní ẹ̀yìn wáàkìṣọ́ọ̀bù ni wọ́n ṣe nínú ilé iṣẹ́ ńlá fún ogún ọdún, àwọn èèyàn sì ń rà á.

Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí a wo ìyàtọ̀ tó wà níbẹ̀. Níbẹ̀, wọ́n kọ́kọ́ yà á sórí ìwé, wọ́n wọ̀n ọ́n, wọ́n dán an wò, orúkọ ilé iṣẹ́ sì wà níwájú rẹ̀ gàdàgbà. Bí nǹkan bá bàjẹ́, a mọ ẹni tí a óò di mú. Lọ́dọ̀ tiwa ńkọ́? Ọ̀rọ̀ ẹnu ni. “Ẹ bá mi lẹ̀ ẹ́ mọ́ ọn.” Ó parí.

Ẹ̀WÙ, EGUNGUN ÀTI IMÚ

Àwa náà ní ẹ̀bi tiwa. Gbogbo rẹ̀ là ń pè ní bọ́dì, bí ẹni pé nǹkan kan náà ni. Ẹ jẹ́ kí a pín in sí mẹ́ta, kí ọ̀rọ̀ lè yé wa.

Èkíní ni ẹ̀wù. Ẹ̀wù ni bọ́ńpà, iná, ilẹ̀kùn, gíláàsì, dígí tí a fi ń wo ẹ̀yìn, àti gbogbo ohun tí bóòtù bá mú. Bí a bá wọ ẹ̀wù ọdún kan fún ọkọ̀ ọdún mìíràn, tí ó sì bá a mu, kò sí wàhálà. Gíláàsì iwájú T2 ti 1968 yóò wọ T2 ti 1979 láìjanpata. Ṣùgbọ́n bí ó bá kan ilẹ̀kùn, ẹ máa dán kọ́kọ́rọ́ àti ibi tó ń kọ́ sí wò dáadáa kí ẹ tó gbé e jáde. Ilẹ̀kùn lè bá ojú rẹ̀ mu rẹ́gí, kí irin tó ń dì í mú má bá ara wọn mu. Irú rẹ̀ ni yóò ṣí fúnra rẹ̀ nígbà tí ọkọ̀ bá ń ya kọ̀rọ̀, tí èrò sì fẹ̀yìn tì í.

Èkejì ni egungun. Lọ́rí pátákó ní ṣáṣí tirẹ̀, ara rẹ̀ kàn jókòó lé e ni. Àwọn bọ́ọ̀sì tí a ń wí yìí kò rí bẹ́ẹ̀. T2, T3 àti T4 kò ní ṣáṣí lọ́tọ̀. Ilẹ̀ ọkọ̀, irin abẹ́ ilẹ̀kùn, àwọn òpó tí ó gbé òrùlé dúró, àti ibi tí táyà ń yí sí, àwọn ni ṣáṣí náà. Ẹni tí ó bá gé òpó kan, ó ti gé egungun ẹ̀yìn. Ẹni tí ó bá fi páànù fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ dí irin abẹ́ ilẹ̀kùn tó ti jẹrà, tí ó fi pọ́tì bò ó, tí ó sì kùn ún, ilé tí a fi itọ́ mọ ni, ìrì ni yóò wó o. Ọjọ́ tí ọkọ̀ bá takìtì ni a óò mọ̀, ẹni tí yóò sì kọ́kọ́ mọ̀ ni ẹni tó jókòó sínú rẹ̀.

Ẹ̀kẹta ni imú. Èyí ni a kì í rò. Àwọn ibì kan wà lára ọkọ̀ tó jọ ẹ̀wù lójú, ṣùgbọ́n tí ọkọ̀ fi ń mí. Ẹ wo T2. Láti ọkọ̀ ọdún 1972 ni wọ́n ti fẹ ilé ẹ́ńjìnì rẹ̀ lẹ́yìn kí ẹ́ńjìnì ńlá lè wọ ibẹ̀. Wọ́n fẹ ojú ibi tí atẹ́gùn ń gbà wọlé, wọ́n sọ iná ẹ̀yìn di ńlá, irin abẹ́ ilẹ̀kùn ẹ́ńjìnì tó ṣe é tú tẹ́lẹ̀ sì di èyí tí wọ́n jó pọ̀ mọ́ ara ọkọ̀. Afẹ́fẹ́ nìkan ló ń tu ẹ́ńjìnì náà lára. Bí ẹnì kan bá mú igun ẹ̀yìn ọkọ̀ 1970 jó mọ́ ti 1974, iná lè wọ̀, ọ̀dà lè dán, ṣùgbọ́n ó ti fún ọkọ̀ nímú.

Bẹ́ẹ̀ náà ni ìwájú T2. Títí di ọkọ̀ 1972, ìsàlẹ̀ ni tráfíkétọ̀ wà, nítòsí bọ́ńpà. Láti 1973, ó ti gòkè lọ sí ẹ̀gbẹ́ ibi tí atẹ́gùn ń gbà wọlé. Bọ́ńpà ti àkọ́kọ́ yí kọrọdọ, ó sì ní ibi tí a ń tẹ̀ wọlé. Ti ìkẹyìn kò ní in. Táyà pàápàá ńkọ́? Ọkọ̀ 1970 ní bóòtù márùn-ún lórí òbìrí mìlímítà 205. Láti ọkọ̀ 1971, ó di mìlímítà 112, wọ́n sì fún un ní bíréèkì onípáálí níwájú. Rọ́ọ̀mù ti èkíní kò lè wọ èkejì láé.

Ẹ má sì gbẹ́kẹ̀ lé ọdún tí wọ́n kọ sínú ìwé ọkọ̀. Oṣù kẹjọ ọdún ni Volkswagen ń bẹ̀rẹ̀ ọkọ̀ ọdún tó ń bọ̀, nítorí náà ọkọ̀ tí wọ́n tò ní oṣù kẹwàá 1971 jẹ́ ọkọ̀ 1972. Ìwé tiwa níbí sì lè jẹ́ ọdún tí ó wọ̀lú ni wọ́n kọ sí i. Ọgbọ́n ọdúnnìí, wèrè ẹ̀míìn. Nọ́mbà tí wọ́n tẹ̀ sára ọkọ̀ ni kí ẹ wò, kí ẹ sì gbé irin sẹ́gbẹ̀ẹ́ irin kí ẹ tó mú ayùn.

OHUN TÓ ṢẸLẸ̀ SÍ WA

Ẹ̀yin tí ẹ wà níbẹ̀ mọ ọ̀rọ̀ yìí. Ẹ̀yin tí ẹ kò sí níbẹ̀, ẹ fetí sílẹ̀. A kò ní dárúkọ ẹnikẹ́ni.

T3 kan wà tó ń gbé òṣìṣẹ́ lọ sílé ní ìrọ̀lẹ́. Ẹ́ńjìnì olómi ló ní. Nígbà tí T3 kọ́kọ́ jáde ní 1979, ẹ́ńjìnì ẹ̀yìn rẹ̀ tó ń lo bẹntiróòlù kò ní rédíétọ̀ rárá, afẹ́fẹ́ ló ń tù ú. Láti ìparí 1982 ni wọ́n ti sọ ọ́ di olómi. Ẹ́ńjìnì ṣì wà lẹ́yìn, ṣùgbọ́n rédíétọ̀ wà ní iwájú pátápátá, páìpù gígùn sì ń gbé omi lọ gbé e bọ̀ lábẹ́ ọkọ̀. Nítorí èyí ni wọ́n ṣe la ojú kejì sí iwájú rẹ̀, nísàlẹ̀ àwọn iná, kí atẹ́gùn lè bọ́ sára rédíétọ̀ náà. T3 àkọ́kọ́ kò ní ojú ìsàlẹ̀ yìí. Irin pẹrẹsẹ ló wà níbẹ̀.

Ọkọ̀ wa fi iwájú kọ lu ẹ̀yìn tírélà. Wọ́n lọ ra iwájú òmíràn wá. Ti ọkọ̀ àkọ́kọ́ ni, èyí tí kò ní ojú ìsàlẹ̀. Panẹ́bítà wa wò ó, ó ní, “Ọ̀gá, èyí kò lójú nísàlẹ̀.” Mẹkáníìkì wa náà sọ ọ́. Èsì tí wọ́n rí gbà ni pé owó ti jáde, ọkọ̀ sì gbọ́dọ̀ bọ́ sójú títì lọ́jọ́ Ajé. Wọ́n gé e, wọ́n jó o, wọ́n fi pọ́tì tún un ṣe, wọ́n kùn ún. Gbogbo ẹni tó rí i ló yìn ín. Kò sí ibi tí ènìyàn lè fọwọ́ tọ́ka sí pé ibí ni wọ́n ti jó o.

Ọ̀sẹ̀ kejì ni ọkọ̀ náà gbóná nínú súnkẹrẹ-fàkẹrẹ pẹ̀lú èrò nínú rẹ̀. Nígbà tí awakọ̀ yóò fi rí ibi dúró sí, tọ́ọ̀pù gáskẹ́ẹ̀tì ti lọ, ẹ́ńjìnì ti bàjẹ́. Àwọn òṣìṣẹ́ fẹsẹ̀ rìn lọ wá ọkọ̀ mìíràn lóru. Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kejì, kwẹ́rì méjì dé: ọ̀kan fún panẹ́bítà, ọ̀kan fún mẹkáníìkì. Wọ́n ní wọ́n fi àìbìkítà ba ohun ìní jẹ́. Wọ́n ní wọn yóò máa yọ owó ẹ́ńjìnì náà nínú owó oṣù wọn.

Àwa aṣojú yín lọ síbẹ̀. A bèèrè pé ta ni ó ra iwájú náà? Ta ni ó ní kí wọ́n jó o? Gbogbo ẹnu dákẹ́. Kò sí ìwé kankan. Ẹni tó pàṣẹ ní òun kò rántí pé ẹnikẹ́ni sọ fún òun pé kò lójú nísàlẹ̀. A jà títí wọ́n fi dá yíyọ owó náà dúró. Ṣùgbọ́n kwẹ́rì méjèèjì ṣì wà nínú fáìlì àwọn arákùnrin wa títí di òní yìí, ọ̀kan nínú wọn sì yẹ fún ìgbéga lọ́dún yìí. Nígbà tí wọ́n bá ṣí fáìlì rẹ̀, kí ni wọn yóò rí? Wọn yóò rí i pé aláìbìkítà ni. Wọn kò ní rí i pé òun ló kọ́kọ́ sọ òtítọ́.

Ní Bùràsíìlì, nígbà tí wọ́n sọ ẹ́ńjìnì Kóńbì di olómi ní ìparí 2005, kí ni wọ́n ṣe sí iwájú rẹ̀? Wọ́n gbé rédíétọ̀ síbẹ̀, wọ́n sì fi ojú ńlá sí i kí atẹ́gùn lè wọlé. Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe ń tà á títí wọ́n fi dá a dúró ní 2013. Ohun tí àwọn yẹn fi ìwé ṣe ni àwọn arákùnrin wa méjèèjì fi ojú lásán rí, ṣùgbọ́n kò sí ẹni tó fetí sí wọn.

IBI TÍ EPO WÀ

Ohun kejì ju ti owó lọ, nítorí ẹ̀mí ni. Nínú T2, ẹ̀yìn ni táǹkì epo wà, nítòsí ẹ́ńjìnì. Ẹni tí ó bá kọ́ṣẹ́ lára T2, ara rẹ̀ ti mọ̀ ọ́n. Bí ó bá ń jó iwájú, ọkàn rẹ̀ balẹ̀. Ṣùgbọ́n nínú T3, iwájú ni táǹkì wà, lábẹ́ ilẹ̀ ọkọ̀ níbi tí awakọ̀ jókòó sí. Ilẹ̀ kan náà tí omi òjò ń jẹ, tí wọ́n sì máa ń ní kí a fi irin ọkọ̀ mìíràn pààrọ̀ rẹ̀. Ẹni tó bá ń fi ọwọ́ T2 jó ilẹ̀ T3, orí táǹkì ló dúró sí tó ń tan iná.

Táǹkì tí kò ní epo nínú pàápàá kì í ṣe ọ̀rẹ́. Òórùn epo tó kù nínú rẹ̀ a máa gbiná ju epo fúnra rẹ̀ lọ. Kí a tú táǹkì kúrò, kí a gbé e jìnnà, kí a tú orí bátìrì, kí a gbé agolo panápaná sí tòsí. Kí ẹnikẹ́ni má sọ fún yín pé kò sí àyè fún ìyẹn. Àyè ìwòsàn máa ń gùn jù ú lọ.

ÈSÌ FÚN ÀWỌN TÓ TA KO WÁ

Àwọn kan nínú wa sọ pé kí a kọ gbogbo irú iṣẹ́ yìí pátápátá. A gbọ́ wọn, a sì mọ ohun tó ń dun wọ́n. Ṣùgbọ́n bí a bá kọ̀ ọ́, àwọn ọkọ̀ yóò lọ sọ́dọ̀ ẹni tí kò lẹ́gbẹ́ ní ìta, tí yóò jó o lábẹ́ igi láìbèèrè ohunkóhun. Èrò tí yóò wọ̀ ọ́ náà ni ìyàwó wa àti ọmọ wa. Iṣẹ́ yóò sì dín kù lọ́wọ́ wa. Kíkọ̀ kò wo àrùn náà sàn.

Àwọn àgbà iṣẹ́ kan náà sọ pé àwọn kò nílò ìwé, pé ojú àwọn tó. Ẹ̀yin bàbá wa, a kò jiyàn pẹ̀lú ojú yín. Ojú panẹ́bítà wa náà tó, ó sì sọ ọ́. Ṣùgbọ́n ojú kò lè jẹ́rìí níwájú máníjà. Ìwé ló lè jẹ́rìí.

OHUN TÍ A Ń BÈÈRÈ

A ó gbé nǹkan márùn-ún wá sí ìpàdé, a sì fẹ́ kí ẹ fọwọ́ sí i kí a lè gbé e lọ síwájú àwọn alákòóso.

Èkíní, kí ìwé iṣẹ́ wà fún gbogbo ara ọkọ̀ tí a bá fẹ́ pààrọ̀. Kí a kọ nọ́mbà ọkọ̀ tí a ń tún ṣe sí i, ọdún àti irú ọkọ̀ tí irin náà ti wá, àti bóyá ẹ̀wù ni, egungun ni, tàbí imú ni.

Èkejì, kí ẹni tó pàṣẹ fọwọ́ sí i kí iná wẹ́dà tó tàn. Bí òṣìṣẹ́ bá ní àbùkù tó rí, kí àyè wà lórí ìwé náà fún un láti kọ ọ́. Ẹni tí kò bá mọ̀wé kọ dáadáa, kí aṣojú bá a kọ ọ́.

Ẹ̀kẹta, kí a má jó egungun láìsí pé a tú táǹkì, tí agolo panápaná sì wà nílẹ̀.

Ẹ̀kẹrin, kí ẹnikẹ́ni má gé ibi tí nọ́mbà ọkọ̀ wà, kí ó má sì gbé e lọ sára òmíràn, ìbáà jẹ́ ọ̀gá ló ní kí ó ṣe é. Ẹni tí ayùn bá wà lọ́wọ́ rẹ̀ ni ọlọ́pàá yóò kọ́kọ́ mú.

Ẹ̀karùn-ún, kí wọ́n yọ kwẹ́rì méjèèjì kúrò nínú fáìlì àwọn arákùnrin wa, kí ìgbìmọ̀ ìgbéga tó jókòó.

Àwa náà ní ojúṣe tiwa. Kí a má ṣe gba owó lẹ́yìn láti fi pọ́tì bo irin tó ti jẹrà. Kí ẹni tó bá mọ̀ kọ́ ọmọṣẹ́ tí kò mọ̀. Kí awakọ̀ tó bá rí i pé ọkọ̀ ń gbóná tètè sọ ọ́, kí ó má dúró di ìgbà tí gbogbo rẹ̀ yóò bàjẹ́. Bí a bá bèèrè ìwé lọ́wọ́ ọ̀gá, ó yẹ kí iṣẹ́ tiwa náà lè dúró níwájú ìwé.

Ẹ̀yin ará, ẹ má jẹ́ kí ìpàdé tó ń bọ̀ yìí tú bí ti ìṣáájú. Ẹ wá, kí ẹ sọ tẹnu yín, kí a sì fi ohùn kan parí rẹ̀. Ẹnì kan ṣoṣo tó bá bèèrè fún ìwé, aláìgbọràn ni wọn yóò pè é. Bí gbogbo wa bá bèèrè, ó di òfin wáàkìṣọ́ọ̀bù. Àgbájọ ọwọ́ la fi ń sọ̀yà.

Ire o.